Ẹ̀rí Tó Pẹ́ Lọ́nà

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, adájọ́ méje jókòó nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Àbújá, Adájọ́ Inyang Okoro sì ni olórí wọn. Chris Uche, agbẹjọ́rò àgbà tó ń ṣojú Atiku Abubakar nínú ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ, dìde pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ̀bẹ̀ náà kò tíì kan ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ Bọ́lá Tinúbú. Ohun tó kọ́kọ́ tọrọ kéré lójú ju ìyẹn lọ, àmọ́ òun ni ìyókù rọ̀ mọ́: kí àwọn adájọ́ jẹ́ kí òun mú ìwé kan wọlé, ìwé tí kò sí nílẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ṣì ń jókòó.

Amẹ́ríkà ni ìwé ọ̀hún ti wá. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ló pàṣẹ pé kí Chicago State University kó ìwé ẹ̀kọ́ Tinúbú jáde, kí òṣìṣẹ́ wọn sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ lábẹ́ ìbúra. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ni òṣìṣẹ́ náà dáhùn. Ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ìdìbò sì ti dájọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 27 ni ẹ̀rí náà fi pẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, àwọn adájọ́ dá a lóhùn pé rárá. Abala 285 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ìgbìmọ̀ ìdìbò ní ọjọ́ 180 péré, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀. Ọjọ́ náà ti pé, ó ti kọjá, ohun tí ìgbìmọ̀ kò sì lè gbà mọ́, ilé ẹjọ́ tó wà lókè rẹ̀ kò lè bá a gbà á. Ó dun àwọn kan, ó sì dùn mọ́ àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó wà nídìí rẹ̀ ti wà kí Nàìjíríà tó wà.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Òwe yìí kò fi gbèdéke sọ́rùn òótọ́. Ọjọ́ tó bá dé ni ọjọ́ rẹ̀ pé. Ilé ẹjọ́ tí àwọn òyìnbó gbé wá kì í ronú báyẹn. Nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, bí ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ ogún, òótọ́ ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá kọjá ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, ẹni tó mú un wá yóò sì máa tọrọ ìyọ̀ǹda. Ọ̀nà tí ìtọrọ yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa jìn. Àwọn tó sì kàn jùlọ nílẹ̀ Yorùbá ni àwọn ìdílé tí ẹ̀rí wọn kò sí nínú ìwé, tó jẹ́ pé ẹnu àgbà ló wà.

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé, láti ìsàlẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń gòkè. Baálé ló ń parí ti agbo ilé. Ohun tó bá ju agbára rẹ̀ lọ á dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, èyí tó bá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ á dé ààfin, níwájú ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, Ògbóni ló ní ọ̀rọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí fáìlì. Olùpẹ̀jọ́ á rojọ́, olùjẹ́jọ́ á rojọ́, àwọn àgbà á máa bi wọ́n léèrè. Bí ẹnìkan bá dárúkọ ẹni tí kò sí níjòókòó pé ojú rẹ̀ ló ṣe, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Bó bá jẹ́ oko ló wà, wọ́n á ní kí kálukú lọ, kó padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú gbogbo wọn lójú, ìbúra ló kù. Àwọn tó jọ ń pọnmi lódò kan ló ń ṣẹjọ́, ohun tí àwọn àgbà sì ń wá ni bí wọn yóò ṣe jọ máa gbé lọ. Nítorí náà, pípẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹlẹ́rìí. Ẹni tó dé ní ìyálẹ̀ta á wí tirẹ̀ bí ẹni tó dé ní kùtùkùtù.

Ètò yẹn ní ìyà tirẹ̀, kò sì yẹ kí á fi bò. Ẹjọ́ tí kò ní ìlẹ̀kùn, alágbára lè tún un dá sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú. Ọmọ lè bá ẹjọ́ tí baba rẹ̀ ti jàre ní ìta, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó látòkè délẹ̀.

Ní ti ìlẹ̀kùn tí àwọn òyìnbó gbé wá, ìbẹ̀rù ló kàn án. Ilé ẹjọ́ kan wà ní London láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Chancery, Lord Chancellor ni olórí rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kì í dúró ní gbangba níbẹ̀. Wọ́n á kọ ìbéèrè sínú ìwé, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù á pe ẹlẹ́rìí sí kọ̀rọ̀, á ka ìbéèrè sí i létí, á kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ kò mọ ohun tí ẹlẹ́rìí olùjẹ́jọ́ sọ, olùjẹ́jọ́ náà kò sì mọ ti olùpẹ̀jọ́. Wọ́n á di gbogbo rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ẹlẹ́rìí tọ̀tún tòsì bá tán, wọ́n á dá ọjọ́ kan tí wọn yóò tú àwọn ìwé náà fún tọ̀tún tòsì kà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó tún lè mú ẹlẹ́rìí wá sórí ọ̀rọ̀ kan náà, àfi bí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda fún un.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ti ka ohun tí ọ̀tá rẹ̀ kó sílẹ̀ ti mọ ibi tí àlàfo wà. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló kù kó fi jàre, á rí ẹlẹ́rìí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni yóò fi wá a. Irọ́ tí wọ́n bá wọn ara kí wọ́n tó rán kì í fúnni lábíyá.

Francis Bacon ló fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìlànà nígbà tó jẹ́ Lord Chancellor. Nínú èyí tó gbé jáde ní 1619 (àwọn ìwé kan kọ 1618, nítorí pé kàlẹ́ńdà àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í bẹ̀rẹ̀ ọdún lóṣù kìíní), ó ní ẹ̀rí tuntun kò gbọdọ̀ yí ìdájọ́ padà, àfi bó bá jẹ́ èyí tó yọjú lẹ́yìn ìdájọ́, tí kò sì ṣeé ṣe rárá láti lò nígbà tí wọ́n ń dá a. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ pàápàá, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fúnni ní ìyọ̀ǹda. Ní 1621, wọ́n yọ Bacon nípò, nítorí ó jẹ́wọ́ pé òun gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó ní ẹjọ́ níwájú òun. Òun lọ, ìlànà rẹ̀ dúró. Lọ́yà tó dìde lónìí ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn láti tọrọ irú ìyọ̀ǹda yìí, ohun méjì tí Bacon là sílẹ̀ ló ṣì ń wí: a kò lè rí i mú wá nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á nísinsìnyí.

Chancery kò gbàgbé arúgbó. Ẹlẹ́rìí tó bá ti lé ní ẹni 70 ọdún, tàbí tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí àsìkò ẹ̀rí tó tó, kí ikú má baà ṣáájú kọ́ọ̀tù. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn.

Ọdún 1861 ni Dòsùnmú, ọba Èkó, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí kọ́ọ̀tù òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1876, nígbà tí Èkó àti Gold Coast (Ghana òde òní) wà lábẹ́ ìjọba kan náà, òfin tó dá Supreme Court sílẹ̀ pàṣẹ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1874 ni kí wọ́n máa lò. Báyìí ni ìbẹ̀rù Chancery ṣe sọdá òkun. Ìdílé Ìdẹ́jọ, ti àwọn ìjòyè onílẹ̀ Èkó, tí kò ní ìwé kankan lórí ilẹ̀ rẹ̀ àyàfi ìtàn wá di ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́ tó mọ ìwé ju ìtàn lọ, ògbufọ̀ sì wà láàárín wọn.

Ní 1888, Christopher Sapara Williams forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní Èkó. Ìran Ìjẹ̀ṣà ni, Freetown ni wọ́n ti bí i, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè lọ́yà ní England. Iṣẹ́ tuntun ni iṣẹ́ yẹn jẹ́. Kì í ṣe ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ nìkan ni lọ́yà. Òun ló mọ ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn ń tì àti ọ̀nà tí à ń gbà kàn án kí wọ́n tó tún un ṣí.

Lókè Èkó, nǹkan yàtọ̀. Láti 1914, lọ́yà kò gbọdọ̀ yọjú sí kọ́ọ̀tù tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ń jókòó sí ní àwọn ẹkùn ìpínlẹ̀. Ìgbà àtúnṣe ọdún 1933 ni wọ́n tó fún wọn láàyè ní ilé ẹjọ́ gíga tó rọ́pò wọn. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, tí ọba àti ìjòyè ń jókòó sí, tí akọ̀wé sì ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ń bá ìṣe tirẹ̀ lọ. Títí di òní, Òfin Ẹ̀rí kò de àwọn kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àyàfi bí ìjọba bá dìídì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ti kọ́ọ̀tù òyìnbó, àwọn ènìyàn a máa sọ pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹjọ́ ààfin ń wá bí a ó ṣe jọ máa gbé. Ẹjọ́ kọ́ọ̀tù ń wá ẹni tó jàre.

Òfin tí gbogbo lọ́yà ilẹ̀ wa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ti ẹjọ́ ilẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló bí i.

Ladd ló fẹ́ ra ilé kan lọ́wọ́ Marshall ní England. Ladd ní òun ka £1,000 sí Marshall lọ́wọ́, ìyàwó Marshall sì wà níbẹ̀. Marshall ní òun kò gba irú owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé kọ́ọ̀tù, Ladd pe ìyàwó náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kò rántí. Ladd pàdánù. Nígbà tó yá, obìnrin náà kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa, pé òun rí owó náà. Ladd sáré lọ sílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: ẹ jẹ́ kí ó wá sọ òótọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, Denning àti àwọn adájọ́ méjì mìíràn dáhùn. Denning to nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ tí ẹni tó bá mú ẹ̀rí tuntun wá lẹ́yìn ìdájọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn. Àkọ́kọ́, pé kò lè rí ẹ̀rí náà kó jọ fún ìgbẹ́jọ́ bó ti wù kó ṣaápọn tó. Èkejì, pé ẹ̀rí náà á mú nǹkan yí padà gidi bí wọ́n bá gbà á. Ẹ̀kẹta, pé ẹ̀rí náà jọ òótọ́ lójú. Ibi ẹ̀kẹta yìí ni ẹsẹ̀ Ladd ti yẹ̀. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun purọ́ lábẹ́ ìbúra, kí ni yóò mú ilé ẹjọ́ gbà pé ìbúra ti ọ̀tẹ̀ yìí ni òótọ́? Wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Ìdájọ́ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì tún dunni. Ẹni tó bá ti rí bí obìnrin ṣe ń dúró sílé ọkọ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wà tí ìyàwó kò lè wí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ilé náà. Ìgbà tó jáde ni ẹnu rẹ̀ tó tú. Bóyá òótọ́ ló sọ, bóyá ìbínú ìkọ̀sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìlànà mẹ́ta yẹn kò sì fún ẹnikẹ́ni láàyè láti wádìí èwo ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Denning kan náà wà lára àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ kan tó ti Gold Coast wá sí Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní London, ẹjọ́ Kojo àti Bonsie. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ irú ẹ̀rí tí ilẹ̀ wa mọ̀ jùlọ: ìtàn tí baba sọ fún baba, tí baba wá sọ fún ọmọ. Ohun tó sọ yẹ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ìtàn méjì bá forí gbárí, ó ní, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti ṣì í, síbẹ̀ àwọn méjèèjì lè gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ń wí. Nítorí náà, bí ẹlẹ́rìí ṣe dúró, bí ojú rẹ̀ ṣe rí, kò lè fi òótọ́ hàn. Kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún tí kò tíì jìn: èwo nínú ìtàn méjèèjì ni ó bá a mu?

Ní ilẹ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun kékeré tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn alààyè lè gbé ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún dúró. Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ náà? Ta ló fún ará Ìsàlẹ̀ ní ibi tó kọ́lé sí? Ta ni wọ́n wá bá nígbà tí wọ́n fẹ́ gé igi? Irú àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí gan-an ló sì máa ń pẹ́ lọ́nà, nítorí wọ́n wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọ́n ní lọ́wọ́.

Nàìjíríà kò gbé ìlànà 1954 sọnù lẹ́yìn òmìnira. Nínú ẹjọ́ Asaboro àti Aruwaji ní 1974, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gba ohun mẹ́ta náà wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé kò di dandan kó jẹ́ ẹ̀rí tuntun náà nìkan ni yóò pinnu ẹjọ́; bó bá ti lè ní ipa tó lágbára lórí rẹ̀, ó tó. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó ti Warri wá, Adájọ́ Atanda Fatayi-Williams ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé ló kọ́kọ́ dárúkọ, ìwé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìṣe onílẹ̀, gbígbé orí ilẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Láti ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọn kì í ti í ka márùn-ún yìí.

Báwo ni ìtọrọ náà ṣe ń rí lójú ayé? Ká ní ìdílé kan ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga, ẹjọ́ sì ti pé ọdún mẹ́ta. Ìyá àgbà kan nínú wọn kú. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù rẹ̀, wọ́n rí àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ òfì méjì ni wọ́n fi bo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó ti pupa, ẹ̀bá rẹ̀ ti ń já: ọdún 1938 ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, àtẹ̀ka mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó sì sọ pé baba àwọn tó ń bá wọn ṣẹjọ́ tọrọ ilẹ̀ náà fún oko dídá. Òfin ti ṣe ọ̀nà fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá ti pé 20 ọdún, tó sì ti ọwọ́ ẹni tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ìwé kò ní wàhálà. Ọjọ́ tó dé ni wàhálà.

Lọ́yà wọn á kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní móṣọ̀n, á fi ìwé ìbúra tì í lẹ́yìn. Nínú ìwé ìbúra náà ni ọmọ tó rí àpótí á ti sọ ọjọ́ tó ṣí i, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ìdí tí wọn kò fi mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Á lọ búra níwájú òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra ní kọ́ọ̀tù, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ̀dà kan á dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́. Ìdáhùn wọn kì í pẹ́, ó sì sábà máa ń le: inú ilé kan náà ni ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìyá yín, kí ló dé tí ẹ kò bi í? Ọdún mẹ́ta ni ẹ fi ń ṣẹjọ́, ẹ kò yẹ àpótí wò? Ṣé kì í ṣe pé ẹ rí ibi tí ẹlẹ́rìí wa ti já yín ni ẹ fi wá rí ìwé? Adájọ́ á gbọ́ tọ̀tún tòsì, yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́yà á sì máa wo gègé rẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú.

Ibi tí ẹjọ́ dé ló ń sọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Bí ìdílé náà kò bá tíì parí pípe ẹlẹ́rìí wọn, ìyọ̀ǹda kò fi bẹ́ẹ̀ nira, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé wọ́n á san owó ìtanràn fún àkókò tí wọ́n fi ṣòfò. Bí wọ́n bá ti parí, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ wọn ṣí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn ìhà kejì láàyè láti bi ẹlẹ́rìí tuntun léèrè, kí àwọn náà sì pe tiwọn padà. Bó bá jẹ́ pé ìdájọ́ ti jáde, orí ohun mẹ́ta Denning ni wọ́n dé yẹn.

Ohun tó mú kí ìlẹ̀kùn náà tún fún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìjáfara. Ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó lè gba ogún ọdún. Nínú ẹjọ́ Ariori àti Elemo, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá padà fún àtúngbọ́ ní 1983, ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà ti sọ̀rọ̀ tán kí adájọ́ tó dájọ́, àwọn adájọ́ àgbà sì ní kò lè ṣàìgbàgbé bí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ní ọdún 2004, nígbà tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ẹjọ́ gíga Èkó gbé ìlànà tuntun jáde. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń pẹjọ́ kò lè kàn fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ kó wá máa wá ẹ̀rí kiri. Ọjọ́ tó bá wọlé ni yóò kó gbogbo rẹ̀ wá: orúkọ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti búra sí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tó fẹ́ lò. Olùjẹ́jọ́ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé wọn.

Ìlànà náà dára fún ilé-ìfowópamọ́ tó ń gba gbèsè. Ìwé rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á kó o jáde láàárọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìdílé onílẹ̀ ń kọ́? Ẹ̀rí tiwọn wà lẹ́nu baba ẹni 86 ọdún kan ní abúlé, lẹ́nu obìnrin tí wọ́n ti fọ́kọ sí Ìlọrin, lẹ́nu àtọmọdọ́mọ àgbàtọ́jú oko tó ti kó lọ. Ìlànà tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹ̀rí péjú lọ́jọ́ kìíní ti gbà láìsọ pé ìwé ni ẹ̀rí. Ó dá ilẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu ni ìwé rẹ̀ lẹ́jọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi yìí ni ó yẹ kí ọwọ́ adájọ́ rọ̀. Òfin Ẹ̀rí fúnra rẹ̀, ní abala 66, gba ìtàn ìdílé wọlé lórí ilẹ̀ ìdílé. Kò yẹ kí kàlẹ́ńdà tún gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ikú sì tún wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí kọ sílẹ̀ tó sì búra sí kì í di ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ náà. Ó gbọ́dọ̀ dé inú àpótí ẹlẹ́rìí, kó di Bíbélì, Kùránì tàbí irin mú, kó sọ pé ọ̀rọ̀ òun nìyí, kí wọ́n sì bi í léèrè lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí baba àgbà sì kú láàárín, ìwé rẹ̀ á wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbé e dìde. Ìdílé á tún padà wá tọrọ ìyọ̀ǹda láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí Chancery ṣe fún ẹni 70 ọdún wà nínú ìlànà tiwa náà, pé ilé ẹjọ́ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn lọ́yà máa lò ó ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ.

Ìwé pàápàá kì í ṣe olóòótọ́ ọ̀rẹ́ títí láé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ní ọjọ́ kejì tí ọmọ ogun yìnbọn sí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Lẹ́kkí, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, fáìlì ẹjọ́ sì jóná níbẹ̀. Lójijì, àwọn tó ti kó gbogbo ẹ̀rí wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní bí òfin ṣe wí náà wá di ẹni tó ń wá ẹ̀dà kiri ọ́fíìsì lọ́yà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ẹ̀dà wọlé níbi tí ojúlówó bá ti sọnù tàbí ti run, àmọ́ ẹni tí kò fi ẹ̀dà pamọ́, kí ni yóò fi hàn?

Ọ̀pọ̀ lọ́yà tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ti yí ìṣe wọn padà nítorí gbogbo èyí. Kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sí kọ́ọ̀tù, wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí abúlé, wọ́n á jókòó ti àgbà lórí ẹní tàbí lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Baba á sọ ọ́, á gbàgbé orúkọ kan, á rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti kọjá ibẹ̀, wọ́n á padà lọ kọ ọ́ sí àyè rẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ á kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pé òun kà á, pé ó sì yé e. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé ìǹkì wá, baba á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì na aṣọ tí yóò fi nu ọwọ́ sí i.